Kí ló gbé bàálù dúró lókè?

Nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá dúró sí etí òkè ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè á rí àwòdì tó na apá méjèèjì gbọọrọ, tí kò jù wọ́n rárá, síbẹ̀ tí kò já bọ́. Ẹyẹ yìí ni mo fi ń dáhùn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Ìjerò àti Àrámọ̀kọ: "Prof, bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, ṣé bàálù ò ní já lulẹ̀ bí òkúta ni?" Rárá o. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló gbé bàálù dúró. Apá ni.

Agbára mẹ́rin ló ń bá bàálù fà á. Ìwúwo ń fà á wálẹ̀, apá ń gbé e sókè; ẹ́ńjìnnì ń tì í síwájú, afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé mọ́tò rí (mi ò ní kí ẹ lọ dán an wò o), tí ẹ gbé iwájú àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀, ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e. Ọwọ́ ń darí afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ń ti ọwọ́ sókè. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá sì dín sí ìdajì, ìdá mẹ́rin péré ló kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé iwájú ọwọ́ ga jù, afẹ́fẹ́ ò ní lè tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, á túká. Ohun tí àwọn awakọ̀ bàálù ń pè ní stall nìyẹn.

Apá fúnra rẹ̀ kò ju pánù alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ lójú wa. Inú rẹ̀ ni ọ̀pá líle wà, tó ti ara bàálù lọ sí ọ̀nà ṣóńṣó apá, àwọn egungun bí egungun ìhà sì so mọ́ ọn. Ẹ rántí pákó tí a fi ṣe afárá: bí ènìyàn bá dúró láàárín rẹ̀, abẹ́ pákó ń nà, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni apá rí, torí èrò àti ẹrù ń wúwo láàárín, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá rí i tí apá tẹ̀ díẹ̀ sókè lẹ́yìn tí bàálù gbéra, ẹ má bẹ̀rù. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ ló sún mọ́ wa jù, ìdí nìyẹn tí ìjàǹbá 3 oṣù Kẹwàá 2013 fi dùn wá gan-an. Embraer 120 kan gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, láti Èkó bọ̀ ní Àkúrẹ́. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tó gbéra tó fi já, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kò yí bó ṣe yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, síbẹ̀ wọn ò dá bàálù dúró lórí ilẹ̀. Eré kò tó, apá kò rí afẹ́fẹ́ tó, stall sì mú un nítòsí ilẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 2001, ẹ́ńjìnnì méjèèjì Air Transat 236 kú lórí òkun Àtìláńtíìkì nígbà tí epo tán. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 ló fi rá bàbà bí àwòdì títí ó fi balẹ̀ ní erékùṣù Azores, gbogbo ènìyàn 306 tó wà nínú rẹ̀ sì yè. Òkè gíga ni tiwọn ti ṣẹlẹ̀: awakọ̀ lè tẹ imú bàálù sísàlẹ̀, kó fi gíga ra eré. Bàálù Àkúrẹ́ kò ní gíga tí ì bá fi rà á.