Ìjì ńlá ò dúró de ẹni tí kò tíì ra ínṣọ́ránsì omíyalé

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọ ní Houston, ní Florida tàbí ní Louisiana, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọmọ bá pè yín lórí fóònù lálẹ́ òní, tó ní òun ti ra ínṣọ́ránsì ilé òun, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní adójútòfò, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ bi í léèrè kan: "Ti ilé ni àbí ti omíyalé?" Nítorí ọ̀tọ̀ ni Mọ́ńdè, ọ̀tọ̀ ni Túsìdeè.

Ní etí òkun gúúsù Amẹ́ríkà, láti 1 Júùnù títí di 30 Nòfẹ́ńbà lọ́dọọdún ni àkókò ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní họ́ríkéènì. Kì í ṣe ìjì tó kàn ń ṣí páànù. Ó ń ti omi òkun wọ̀lú, ó sì ń da òjò sílẹ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya.

Ní 25 Ọ́gọ́ọ̀sì, 2017, ìjì tí wọ́n sọ ní Harvey fẹ́ wọ ìpínlẹ̀ Texas. Ọjọ́ mélòó kan ni òjò fi rọ̀. Ní ìlú Nederland, òjò tó rọ̀ lé ní 60 ínṣì. Bí omi yẹn bá dúró lójú kan, ó lè dé ọrùn àgbàlagbà. Ní Houston, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, títì di odò, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ènìyàn kúrò nílé. Omi gbẹ tán, ẹkún mìíràn tún bẹ̀rẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí omi bàjẹ́ ni kò ní ínṣọ́ránsì omíyalé. Wọ́n ti rò pé ó wà nínú ti ilé tí wọ́n ń san.

Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé omi fún ará Ìbàdàn. Ojú wọn rí Ògùnpa ní 31 Ọ́gọ́ọ̀sì, 1980. Omi tún padà wá ní 26 Ọ́gọ́ọ̀sì, 2011, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

OMI ÒKÈ, OMI ILẸ̀

Báyìí ni wọ́n ṣe ń pín in l'Amẹ́ríkà. Bí ìjì bá ṣí òrùlé tí òjò gba ibẹ̀ wọlé, ínṣọ́ránsì ilé ló sábà máa ń dá sí i. Ṣùgbọ́n bí odò bá kún tí àgbàrá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ti ilé á ní kò kan òun. Ìdí nìyẹn tí ìjọba wọn fi dá ètò ínṣọ́ránsì omíyalé sílẹ̀ ní 1968. Àjọ FEMA ló ń bójú tó o. Ó lè san tó 250,000 dọ́là lórí ilé, àti 100,000 dọ́là lórí ẹrù inú ilé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra ti ilé, ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù. Ayálégbé náà lè ra ti ẹrù. Mọ́tò ò sí nínú ẹ̀. Owó tí ènìyàn kó pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò sí nínú ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kàgbákò rèé: bí ènìyàn bá sanwó lónìí, ó sábà máa ń di 30 ọjọ́ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó dúró dìgbà tí tẹlifíṣọ̀n kéde pé ìjì ti wà lójú òkun kó tó sáré lọ sanwó, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn kan á ní, "Bómi ò bá wá ńkọ́? Ṣé owó mi á padà?" Kò ní padà. Ṣùgbọ́n ta ló ń gba owó ọlọ́dẹ ọjà padà torí pé olè ò wá lóṣù yẹn? Ínṣọ́ránsì kì í ṣe àjọ tí a ń kó. Owó ọlọ́dẹ ni.

Kí ìjì tó dé, kí ọmọ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan àti ẹrù inú rẹ̀. Kó tọ́jú rìsíìtì. Kó fi ìwé ínṣọ́ránsì sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Bí omi bá sì ti wọlé, kó ya fọ́tò kó tó kó ohunkóhun dànù, kó sì fi àkọsílẹ̀ ohun tó bàjẹ́ ránṣẹ́ kí 60 ọjọ́ tó pé.

NÍLÉ NÍBÍ ŃKỌ́?

Bákan náà ni. Ínṣọ́ránsì iná tí wọ́n ń tà fún onílé àti onísọ́ọ̀bù, omíyalé kì í sábà sí nínú ẹ̀ àfi tí a bá ní kí wọ́n fi kún un, tí a sì sanwó lé e. Ìyálọ́jà, télọ̀, káfíńtà, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á. Ẹ gba rìsíìtì, torí ẹni tí kò bá tíì sanwó, asán ló dì mú.

Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ pe ọmọ yín lónìí, kí òjò tó ṣú.