Ọjọ́ Tí A Kò Kọ Nǹkan Kan Sí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọjọ́ tí a kò kọ nǹkan sí kò kúrò nínú oṣù. Ṣùgbọ́n SQL, èdè tí a fi ń bi àkójọ inú kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àrùn kòrónà. Ará Ítálì kan tí ó wá sí Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ni a kọ́kọ́ kéde ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, 2020. A kéde ẹnì kejì ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, ẹnì kẹta ní ọjọ́ 17. Bí a bá fi GROUP BY kà wọ́n, ìlà 3 ni yóò jáde, bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni a ń rí ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 20 ni, 17 sì ṣófo.

Kí ni kí a ṣe? Kí a kọ gbogbo ọjọ́ sínú tábìlì kàlẹ́ńdà, kí a gbé e sápá òsì, kí a sì fi LEFT JOIN so àkọsílẹ̀ aláìsàn mọ́ ọn. COUNT(*) yóò ka ìlà òfo sí 1. Nítorí náà nọ́ńbà aláìsàn ni kí a kà, kí òfo lè jẹ́ 0.

Síbẹ̀, ohun tí 0 ń wí ni pé a kò kéde ẹnikẹ́ni; kò wí pé àrùn kò sí.