Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ṣé dandan ni mọ́tò ní London?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé London, mọ́tò ló kọ́kọ́ ń wá. Ẹ fara balẹ̀ ná. Owó tí ẹ fi rà á kọ́ ni wàhálà, owó tó ń tẹ̀ lé e ni. Ìṣúràǹsì ń bẹ, owó-orí ọkọ̀ ń bẹ. Ní àdúgbò púpọ̀, ẹ ó sanwó ìwé àṣẹ kí ẹ tó lè páàkì síwájú ilé ara yín! (Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ilé ara yín.) Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, ti kárí gbogbo London: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ti wà ṣáájú 2015 ń san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá jáde. Àárín ìlú tún ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹ fi káàdì báńkì kan ẹ̀rọ aláwọ̀ yẹ́lò, ó parí. Bí ẹ bá wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé lóru lè nílò mọ́tò lóòótọ́. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má rà á. Bó bá di ọjọ́ òde tí kúlà ìrẹsì pọ̀, ẹ háyà.