Ṣúgà Inú Ìgò àti Dòdò Ìkirè

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn tí ẹ ń lọ sí Ifẹ̀, ẹ ó kan Ìkirè lọ́nà, Àpòmù sì wà nítòsí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn tí ń kiri ọjà á sáré wá sí ẹ̀bá fèrèsé. Ẹnì kan á na dòdò Ìkirè sí yín, dòdò dúdú tí ó ta lẹ́nu. Ẹlòmíràn á na ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tútù. Dòdò ni a ń gbọ́ nínú orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni ìjọba bu owó orí lé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2021, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fi ọwọ́ sí òfin ìnáwó kan. Òfin náà ní kí a gba ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ṣúgà sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Zainab Ahmed, ẹni tí í ṣe mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn dín ṣúgà kù nítorí sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ àti àrùn ìtọ̀ ṣúgà, kí owó sì lè wọlé fún ètò ìlera àti àwọn ohun mìíràn.

Ìyá tí ó ń ta ohun mímu ní ẹ̀bá ọ̀nà lè bi wá pé, "Ṣé ọ̀nà àtijẹ wa ni wọ́n fẹ́ dí ni?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lítà kan jẹ́ ìgò méjì tí ó gba 50cl. Nítorí náà ₦5 péré ni owó orí náà lórí ìgò kan. Owó yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń rà á kò fi ní mọ̀ ọ́n lára, kò sì lè mú ẹnikẹ́ni gbé ìgò sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí irú owó orí bẹ́ẹ̀ mú iye tí a ń ta ohun mímu náà lọ sókè ní ìdá kan nínú márùn-ún, ó kéré tán, kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Àwọn ìlú mìíràn ti ṣe é. Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014 pẹ̀lú péṣò kan lórí lítà, iye tí wọ́n ń rà sì dín kù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tiwọn yàtọ̀: bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó nínú ohun mímu ni owó orí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ rí èyí, púpọ̀ nínú wọn yára dín ṣúgà kù kí ọjọ́ náà tó pé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò yí ohun mímu rẹ̀ padà pàápàá ń mu ṣúgà tí ó dín. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé lítà ni òfin ọdún 2021 wọ̀n, kì í ṣe ṣúgà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mú ìgò kan kí ẹ wo ara rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ iye ṣúgà tí ó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú 10cl, ìgò 50cl kan ní gíráàmù 50. Èyí tó ṣíbí ìpotíì bíi méjìlá. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ní odidi ọjọ́ kan nìyẹn, wọ́n sì ní bí a bá lè dín in sí ìdajì, ó dára jù. Ta ni nínú yín tí yóò bu ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú ife ọmọ rẹ̀? Ohun mímu kì í sì í yó ni bí oúnjẹ. Ọmọ tí ó mu ìgò kan tán yóò ṣì jẹ ẹ̀bà rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí gan-an. Nítorí pé a kì í mu ọtí, a ti fi ẹlẹ́rìndòdò dí àyè ọtí níbi ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀. Ohun tí kì í ṣe hàráàmù lè pa ni lára bí ó bá pọ̀ jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ fi dòdò Ìkirè pamọ́ o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù, tí ìbá ṣòfò, ni àwọn ìyá wa sọ di ọjà tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n epo ni wọ́n fi dín in. Ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ bá ń rìnrìn àjò. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di oúnjẹ àràárọ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Nínú ilé, ẹ jẹ́ kí omi jẹ́ ohun mímu ojoojúmọ́. Bí ẹ bá se sobo, ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu yóò fi mọ́ ọn. Níbi àpèjẹ, ẹ gbé omi síwájú àlejò kí ẹ tó gbé ìgò. Níta, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè owó orí yìí: ṣé ó dé ilé ìwòsàn Ìkirè àti Àpòmù? Ṣé ìyá arúgbó lè yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò níbẹ̀ láìsan owó gọbọi? Bí owó náà bá ti ara ṣúgà wá, ó yẹ kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn tí ṣúgà ń bá jà.

Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà. Àmín.