Bí Ìwé Ìṣirò Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Jáde Dáadáa Lórí Pépà

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti pa lẹ́jà ìfọwọ́kọ tì, Excel inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n orí pépà ni ọmọ ẹgbẹ́ ti máa ń yẹ ìṣirò wò ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún, ibẹ̀ ni ìṣòro sì ti ń yọjú. A máa ń bá orúkọ lójú ìwé kìíní, kí gbèsè ẹni náà wà lójú ìwé kẹfà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí òpó bá fẹ̀ ju pépà lọ, kọ̀ǹpútà yóò tẹ gbogbo orúkọ tán pátápátá kí ó tó padà wá sórí àwọn òpó tí ó ṣẹ́kù. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò rí owó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kò lè bèèrè ohunkóhun, ìfura a sì bẹ̀rẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Pépà ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó fa ìlà. Pépà A4 fẹ̀ ní mìlímítà 210, ó sì gùn ní 297. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí 297 di fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi 15 sílẹ̀ létí ọ̀tún àti tòsì. 267 ni ó kù. A lè pín in báyìí:

1. Nọ́ńbà: 12.
2. Orúkọ: 65.
3. Nọ́ńbà páàsìbúùkù: 20.
4. Owó ìfipamọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èyí tí a fi kún un, èyí tí a gbà padà, owó ìpín, àti gbèsè tí ó kù: 34 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 170.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 267 géérégé. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tẹlifóònù kò sí níbẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Bí a bá tún fi 20 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ga ní 6, ìlà 28 ni yóò gbà. Ẹ lo 2 fún àkọlé, 25 fún orúkọ, 1 fún àròpọ̀ ojú ìwé náà. Ẹgbẹ́ ọlọ́mọ ẹgbẹ́ 200 yóò ní ojú ìwé 8.

Nínú Excel, ẹ lọ sí Page Layout. Ẹ yan A4 àti Landscape. Ẹ fi Width sí 1 page, ṣùgbọ́n kí Height wà ní Automatic. Bí ẹ bá fún gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú ìwé kan ṣoṣo, àgbàlagbà kò ní lè kà á. Ẹ lo Print Titles kí àkọlé lè hàn lórí ojú ìwé gbogbo. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé sísàlẹ̀, bíi "3 nínú 8", kí a lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ̀kan.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo Print Preview. Bí ẹ bá rí #### níbi tí ó yẹ kí iye owó wà, òpó náà ti há jù. Ẹ má sì fi àwọ̀ pupa nìkan ṣe àmì gbèsè; ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì yóò sọ ọ́ di dúdú, gbèsè yóò sì dà bí owó ìfipamọ́. Àmì ìyọkúrò ni kí ẹ lò.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe akọ̀wé, ẹ̀tọ́ yín ni láti bèèrè fún ìwé tí ẹ lè kà. Kí ẹ tó nawọ́ sókè pé ẹ gba ìṣirò ọdún wọlé, ẹ wá orúkọ yín, ẹ fi ìka tọ ìlà náà dé òpin, kí ẹ sì fi wé páàsìbúùkù yín.