Oníṣòwò, ṣé ẹ mọ ibi tí kọ̀ǹpútà yín ń kó ìwé gbèsè pamọ́ sí?

Nígbà kan, inú ìwé ńlá ni oníṣòwò máa ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó sí. Bó bá di alẹ́, á tì í mọ́ inú àpótí, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà òògùn, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n béèyàn bá bi wọ́n pé inú àpótí wo gan-an ló wà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lè dáhùn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé sọ́fítíwia dátábéèsì sínú kọ̀ǹpútà lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà á kàn máa tẹ 'Next' títí yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ọ̀kan lára ohun tó tẹ̀ kọjá ni fódà tí àkọsílẹ̀ yóò máa wà. Lórí Windows, bí wọn kò bá yí i padà, abẹ́ Program Files ni PostgreSQL máa ń kó tiẹ̀ sí, nígbà tí MySQL ń lo ProgramData, fódà tí Windows kì í jẹ́ kéèyàn rí bí kò bá wá a. Orí C, níbi tí Windows fúnra rẹ̀ wà, ni méjèèjì sábà máa ń wà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí Windows bá dàrú, tí ẹnjiníà ní àfi kóun pa gbogbo ohun tó wà lórí C rẹ́, àwọn fáìlì ojútáyé nìkan ló lè rántí kó jáde. Ìgbà tó bá parí iṣẹ́, gbèsè ọdún mẹ́ta ti di àwátì. Yàtọ̀ síyẹn, bí C bá kún, dátábéèsì kò ní lè gba àkọsílẹ̀ tuntun mọ́.

Ohun tó dáa ni kí wọ́n ṣí fódà tuntun sórí D, kí wọ́n sì yàn án lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ gan-an. Kí wọ́n rí i pé sọ́fítíwia náà ní àṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí wọ́n lo fíláàṣì tí ẹnikẹ́ni lè fà yọ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ díìsìkì kan náà ni wọ́n pín sí C àti D, yàrá méjì nínú ilé kan ni wọ́n; bílé bá jó, méjèèjì ló jó. Nítorí náà, ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn. Kí wọ́n má kàn da fódà ọ̀hún kọ nígbà tí dátábéèsì ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí. Iṣẹ́ pg_dump àti mysqldump nìyẹn.

Ẹni tó ti fi tiẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ lè tẹ SHOW data_directory; nínú PostgreSQL, tàbí SELECT @@datadir; nínú MySQL, ìdáhùn á jáde lójú ẹsẹ̀. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì fi han ẹnjiníà kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún.