Bí dírẹ́bà ajẹ́ńsì bá fi mọ́tò yín kọlu ẹlòmíì, ta ni yóò sanwó? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa adójútòfò

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Dírẹ́bà tó máa ń gbé ọ̀gá lọ síbi iṣẹ́ ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ ló bímọ. Ọ̀gá pe ajẹ́ńsì tó ń báni wá awakọ̀, wọ́n sì fi dírẹ́bà míì ránṣẹ́ sí i kí aago mẹ́fà tó lù. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, dírẹ́bà tuntun yìí ti fi jíìpù ọ̀gá kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ olówó ńlá kan lórí afárá Third Mainland l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: ta ni yóò sanwó?

Ọ̀gá ní dírẹ́bà ajẹ́ńsì ni, òun kọ́ ló gbà á síṣẹ́. Ajẹ́ńsì ní mọ́tò ọ̀gá ni, ọ̀gá náà ló sì ń sọ ibi tí wọ́n máa gbà. Dírẹ́bà ní gbogbo owó tí wọ́n fẹ́ san fún òun fún ọ̀sẹ̀ méjì kò tó ra iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí òun kọlù.

Àpẹẹrẹ lásán nìyí, àmọ́ ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ l'Ékòó, n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀ lónìí. Iléeṣẹ́, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti àwọn ìdílé tó lówó lọ́wọ́ ló ń gba awakọ̀ onígbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ajẹ́ńsì. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ìwé adójútòfò tó wà nínú pátíkúlà ọkọ̀ ti tó. Kò tó. Ìdí rèé.

Ta ni ọ̀gá dírẹ́bà gan-an?

Oríṣi ajẹ́ńsì méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó kàn ń báni wá ènìyàn. Ó wá dírẹ́bà, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó gba dírẹ́bà sílé ni yóò máa san owó oṣù rẹ̀, òun náà sì ni agbanisíṣẹ́.

Ìkejì ni èyí tó gba dírẹ́bà síṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń san owó oṣù rẹ̀, tó wá ń yá a fún oníbàárà fún ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù mẹ́ta. Oníbàárà kì í san kọ́bọ̀ fún dírẹ́bà tààrà, ajẹ́ńsì ló ń sanwó fún. Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí, nítorí pé ẹni méjì ló dà bí ọ̀gá fún ènìyàn kan ṣoṣo.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn lọ́ọ́yà kì í gbàgbé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó èbúté ibẹ̀, Mersey Docks and Harbour Board, fi ẹ̀rọ agbẹ́rù kan àti ẹni tó ń wà á háyà fún iléeṣẹ́ Coggins and Griffith, tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iléeṣẹ́ tó gba háyà ni yóò jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ náà. Awakọ̀ yìí wá fi ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe ẹnì kan léṣe.

Ọdún 1946 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dá ẹjọ́ ọ̀hún. Wọ́n ní àjọ èbúté ni yóò sanwó, pẹ̀lú ohun tí àdéhùn sọ. Ìdí ni pé ẹni tó gba ẹ̀rọ háyà lè sọ fún awakọ̀ pé, "Gbé ẹrù yìí lọ sọ́hùn-ún," ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti kọ́ ọ bí yóò ṣe wa ẹ̀rọ. Àjọ èbúté ló ṣì ń san owó rẹ̀, àwọn náà ló sì lè lé e kúrò níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa, nítorí pé inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin Nàìjíríà ti mú ìlànà pé ọ̀gá ló ń dáhùn fún àṣìṣe tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé ajẹ́ńsì ló máa jẹ gbèsè nígbà gbogbo. Níbi tó bá ti jẹ́ pé dírẹ́bà nìkan ni ajẹ́ńsì fi ránṣẹ́, tí ọkọ̀ sì jẹ́ ti oníbàárà, agbára oníbàárà lórí dírẹ́bà pọ̀ ju ti ẹni tó gba ẹ̀rọ háyà yẹn lọ. Nítorí náà, ajẹ́ńsì tó bá rò pé ìlà kan nínú àdéhùn ti gba òun sílẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Oníbàárà tó bá rò bẹ́ẹ̀ náà ń tan ara rẹ̀.

Third party: kí ló sanwó fún, kí ni kò sanwó fún?

Òfin kàn án nípá fún ọkọ̀ tó bá ń rìn lójú títì ní Nàìjíríà láti ní adójútòfò third party. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn yóò máa yẹ ìwé náà wò lójú pópó. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó ra á, kì í ṣe ajẹ́ńsì.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, N15,000 ni wọ́n ń san lọ́dún fún mọ́tò aládàáni. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ba dúkìá ẹlòmíì jẹ́, iléeṣẹ́ adójútòfò yóò san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Tirela àti ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń gba háyà ń san N100,000, òpin ti wọn sì jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Ó tún kan ẹni tó bá fara pa tàbí tó kú nínú ìjàm̀bá náà.

Ká wá padà sórí afárá. Tí àtúnṣe ọkọ̀ tí dírẹ́bà kọlù bá jẹ́ mílíọ̀nù méje, third party yóò san mẹ́ta. Mẹ́rin ṣẹ́ kù nílẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́rin yìí ni ọ̀gá àti ajẹ́ńsì yóò máa tì síra wọn. Jíìpù ọ̀gá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Third party kò ní fi kọ́bọ̀ tún un ṣe. Comprehensive ló ń ṣe ìyẹn. Àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, ní owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọkọ̀ tó. Ọkọ̀ mílíọ̀nù lọ́nà ogún, mílíọ̀nù kan nìyẹn lọ́dún.

Comprehensive náà ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ ló ní iye kan tí onímọ́tò yóò kọ́kọ́ dá san kí iléeṣẹ́ tó fi tiwọn kún un. Ta ni yóò san owó yẹn tó bá jẹ́ pé dírẹ́bà ajẹ́ńsì ló jẹ̀bi? Tí àdéhùn kò bá sọ ọ́, ìjà ni yóò bá a dé.

Èyí tó tún burú jù ni ọ̀rọ̀ láìsẹ́ńsì. Ìwé adójútòfò máa ń sọ pé ẹni tó bá wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó sì ní láìsẹ́ńsì tí kò tíì kú. Ìwé míì tilẹ̀ ń dárúkọ àwọn tó lè wà á. Tí ajẹ́ńsì bá fi ẹni tí láìsẹ́ńsì rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́rin ránṣẹ́, iléeṣẹ́ adójútòfò lè ní àwọn kò sanwó àtúnṣe ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onímọ́tò ti san owó rẹ̀ pé.

Bí dírẹ́bà fúnra rẹ̀ bá fara pa ńkọ́?

Nínú gbogbo ariwo ta ni yóò tún mọ́tò ṣe, wọ́n sábà máa ń gbàgbé ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán. Ó lè kú, kó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀.

Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ló wà fún èyí. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò àjọ NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ká ní ajẹ́ńsì kan ní dírẹ́bà ogún, tí oníkálukú ń gba N100,000 lóṣù. Mílíọ̀nù méjì ni gbogbo owó oṣù wọn, N20,000 sì ni yóò san fún NSITF lóṣù kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kan náírà lórí dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ajẹ́ńsì kan máa ń sọ pé, "Dírẹ́bà onígbà díẹ̀ ni, kò sí nínú òṣìṣẹ́ wa." Òfin kò gba ìyẹn. Ohun tí òfin ọ̀hún pè ní òṣìṣẹ́ kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ àti alábọ́ọ́dé, ì báà jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ṣàdéhùn láìkọ ìwé. Ó tún kan ìjàm̀bá tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́.

Tí òṣìṣẹ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n gbára lé, òfin ní kí wọ́n máa rí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ gbà lóṣooṣù. Fún ìdílé tó jẹ́ pé ọwọ́ bàbá ni wọ́n ń wò, èyí ló máa sọ bóyá àwọn ọmọ á wà nílé ìwé tàbí wọn ò ní sí níbẹ̀.

Àmọ́ àkókò wà fún un o. Òṣìṣẹ́ tó fara pa tàbí ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ méje tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n ní láti fi kọ̀wé béèrè owó náà.

Yàtọ̀ sí èyí, òfin owó ìfẹ̀yìntì, Pension Reform Act ti ọdún 2014, ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Àwọn ẹbí ni yóò gba owó náà tí òṣìṣẹ́ bá kú.

Bí dírẹ́bà bá gbé ọkọ̀ sá lọ

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́rù ju ìjàm̀bá lọ nìyí. Comprehensive ń sanwó tí olè bá jí ọkọ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ kò ka ẹni tí onímọ́tò fọwọ́ ara rẹ̀ fún ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ olè. Fidelity guarantee ni wọ́n ń pe adójútòfò tó wà fún ìwà àìṣòótọ́ òṣìṣẹ́. Ajẹ́ńsì ló yẹ kó ra á lórí àwọn dírẹ́bà rẹ̀, kó sì rí i dájú pé ó kan dúkìá oníbàárà, kì í ṣe ti ajẹ́ńsì nìkan. Tó bá jẹ́ ẹrù ni dírẹ́bà ń gbé, ẹrù náà nílò tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní goods in transit.

Onídùúró dára, ẹ má fi sílẹ̀. Àmọ́ onídùúró tó jẹ́ pé ilé oníyàrá kan lòun náà ń gbé kò lè san jíìpù mílíọ̀nù lọ́nà ogún.

Àṣìṣe ajẹ́ńsì fúnra rẹ̀

Ohun tí oníbàárà ń rà lọ́wọ́ ajẹ́ńsì ni ìdánilójú pé wọ́n ti yẹ dírẹ́bà wò: láìsẹ́ńsì rẹ̀, ojú rẹ̀, ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Tí wọ́n kò bá ṣe é, tí ewu sì tibẹ̀ jáde, oníbàárà lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Adójútòfò tí wọ́n ń pè ní professional indemnity ló ń sanwó fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, tó fi mọ́ owó lọ́ọ́yà. Ajẹ́ńsì kékeré kì í sábà ní in, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ kan ṣoṣo lè ti ilẹ̀kùn wọn pa.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fa kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀

Tó bá jẹ́ oníbàárà ni yín:

- Ṣé ajẹ́ńsì yìí ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́? Òfin Labour Act ló ní kí wọ́n ní in.
- Ta ni àdéhùn pè ní agbanisíṣẹ́, ta sì ni yóò san owó tí adójútòfò kò bá san?
- Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé fidelity guarantee àti professional indemnity hàn yín. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí.
- Ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé dírẹ́bà onígbà díẹ̀ fẹ́ wà á. Ẹ gba èsì wọn lákọsílẹ̀.
- Ẹ yẹ ìwé adójútòfò ọkọ̀ yín wò lórí ìkànnì askNIID, nítorí pé ayédèrú pọ̀ nígboro.

Tó bá jẹ́ ajẹ́ńsì ni yín, ẹ má ṣe ra adójútòfò ní àwìn. Òfin sọ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní adójútòfò, ì báà mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ máa yẹ láìsẹ́ńsì gbogbo dírẹ́bà wò kẹ́ ẹ tó rán wọn jáde, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ gbà wọ́n síṣẹ́ nìkan.

Tó bá sì jẹ́ dírẹ́bà ni yín, ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì jù: "Ṣé ẹ ń san NSITF lórí mi?" Ẹ béèrè ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi ìdáhùn náà tó ìyàwó tàbí ọkọ yín létí. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni wọ́n ní láti fi sọ fún ajẹ́ńsì tí nǹkan bá ṣe yín.